Ìmọ̀ràn lórí ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fún àyẹ̀wò ìbàjẹ́ DNA

Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Mo ti kúrò lórí sẹ́ẹ̀lì HepG2 (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn tí a ń tọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò) tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀ àwo, mo sì ti bọ́ sórí èyí tí ó ṣù pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù kékeré, nítorí pé ẹ́ńsáìmù CYP, tí ó máa ń sọ kẹ́míkà bíi aflatoxin B1 (májèlé tí èbu ń mú jáde) di ohun tí ó lè lẹ̀ mọ́ DNA, sábà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù nínú ìṣùpọ̀. Ìṣòro mi ni pé kí n tó ṣe àyẹ̀wò comet, tí ń fi ìbàjẹ́ DNA inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn, mo gbọ́dọ̀ fi trypsin (ẹ́ńsáìmù tí ń já ohun tí ó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀) tú ìṣùpọ̀ náà sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn tí n kò fi kẹ́míkà kankan sí pàápàá ń fi ìbàjẹ́ hàn. Ṣé kí n dín àkókò trypsin kù ni, àbí kí n lo ẹ́ńsáìmù tí kò le tó o? Mo ro ti àyẹ̀wò micronucleus, tí ń wá ègé DNA kékeré tí ó ya sọ́tọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí ń pín ni ó nílò, pípín yìí sì ń dín kù bí ìṣùpọ̀ bá ṣe ń dàgbà. Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀yin máa ń dúró kí ẹ tó fi kẹ́míkà sí i?