Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwòrán ẹṣin yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo ra àwòrán kan lọ́jà àlòkù ní Paris níbí, Rosa Bonheur ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ẹ̀, obìnrin Faransé tó ya Ọjà Ẹṣin láàárín 1852 sí 1855. Ojúlówó ẹ̀ wà ní New York, ó sì fẹ̀ tó mítà 5, tèmi ò ju fèrèsé ilé ìwẹ̀ lọ, nítorí náà mo mọ̀ pé kì í ṣòun. Mo wá fi awò wò ó, ìlà dúdú wẹ́wẹ́ ni mo rí lára ẹṣin funfun àárín yẹn, kò sí ọ̀dà kankan, àfi bíi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni. Omi ti ba etí ẹ̀ jẹ́. Ṣé kí n gbé e lọ fáwọn tó ń tún irú ẹ̀ ṣe ni, àbí kí n kàn fi gíláàsì bò ó? Ẹni tó tà á ní kí n fi búrẹ́dì nù ún. Búrẹ́dì kẹ̀!