Kí ni sẹ́ńtà ìlera àdúgbò lè ṣe fún wa ní Ìlọrin, kí sì ni ti ọsibítù ńlá?

Ará Ọ̀ffà béèrè pé:

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín. Iṣẹ́ ló gbé wa kúrò ní Ọ̀ffà wá sí Ìlọrin, apá Gáà-Àkànbí la sì gba ilé sí. Sẹ́ńtà ìlera ìjọba kan wà tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan ní abẹ́rẹ́ ọmọdé nìkan ni wọ́n ń gún níbẹ̀, pé ohun tó bá ju ìyẹn lọ, kí a forí lé ọsibítù ńlá. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹrin, kò sì tí ì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Àbúrò rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi náà wà níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru ni tiwọn. Èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni a lè gbé lọ sí sẹ́ńtà? Kí ló sì dé tí wọ́n fi dá ọmọ náà padà láì gún un ní abẹ́rẹ́ apá, tí wọ́n ní kí a wá lọ́jọ́ mìíràn?

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì:

Ẹ kú ilé tuntun, sà. Ọ̀rọ̀ kò rí bí aládùúgbò yín ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọdé ni èrò máa ń kún sẹ́ńtà dé ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ni gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ́jú aboyún, wọ́n ń gbẹ̀bí, wọ́n ń ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí, wọ́n ń yẹ ibà wò, wọ́n sì ń wọn ìfúnpá.

Ti ọmọ náà ni kò gbọdọ̀ pẹ́. BCG, abẹ́rẹ́ apá tí ó ń dènà ikọ́ ife, gbígbẹ ló máa ń wà nínú ìgò rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni yóò sì fi omi tirẹ̀ pò ó. Ìgò kan ṣoṣo lè tó ọmọ 20. Bí wọ́n bá ti pò ó tán, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 6. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èèyi àti ti ibà pọ́njú rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà fi ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kí ọmọ lè pọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìgò. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé èyí fún yín, nítorí ẹni tó gbé ọmọ jòjòló rìn nínú oòrùn ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé. Ẹ béèrè ọjọ́ BCG gan-an, kì í ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́ lásán. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, torí àárín rẹ̀ ni wọ́n ń kán àkọ́kọ́ nínú oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, kí ó tó kan oṣù 9 àti 15 fún èèyi.

Ìyá Ìbejì, Pàkátà:

Ẹ ṣeun, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ní ti aboyún, láti 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí ó rí oníṣẹ́ ìlera ó kéré tán ìgbà 8, kí ti àkọ́kọ́ sì wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́ oyún, nítorí náà ẹ má fi falẹ̀ mọ́. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì fi téèpù wọn ikùn rẹ̀. Oògùn ibà tí à ń pè ní Fansidar, hóró mẹ́ta ni lẹ́ẹ̀kan náà, ojú nọ́ọ̀sì la sì ti ń gbé e mì. Wọn kì í sábà jẹ́ kí a dì í lọ sílé. Bí ara rẹ̀ bá kọ Septrin, oògùn mìíràn tó bá Fansidar tan, kí ó tètè sọ. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún un rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ọsibítù ńlá ni o.

Apoògùn Òpópónà Táíwò:

Ẹ lè máa mú Màmá lọ sí sẹ́ńtà fún wíwọn ìfúnpá. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 5 láì sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì jẹ obì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, nítorí obì lè gbé e sókè. Mo mọ̀ pé gbígba obì lẹ́nu ìyá àgbà ní Ìlọrin kì í ṣe iṣẹ́ kékeré! Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, títí kan àgbo. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu tàbí tí apá kan kú, ẹ má yà sí sẹ́ńtà rárá, ọsibítù ni kí ẹ gbé wọn lọ tààrà.

Ará Ọ̀ffà:

Ẹ ṣeun gan-an. Ti owó ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì:

Ọ̀fẹ́ ni àjẹsára ọmọdé. Fún àwọn yòókù, ẹ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Kwara, kí ẹ sì yan ibi tó sún mọ́ yín, nítorí ibẹ̀ ni ẹ óò ti máa gba ìwé kí ẹ tó lọ sí ọsibítù ńlá, bí kò bá ti jẹ́ pàjáwìrì.