Rùwáńdà 1994: káàdì, àṣẹ àti ìdènà ojú ọ̀nà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yé pe ìpakúpa Rùwáńdà ní 1994, níbi tí àwọn aláṣẹ Hutu ti ní kí wọ́n pa àwọn Tutsi, ní ìjà ẹ̀yà. Ohun tó ní ìwé, tó ní àṣẹ, tó ní ẹni tó ń jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ìpẹ̀yàrun ni.

Ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ nìkan. Hutu àti Tutsi ń sọ Kinyarwanda kan náà, orí òkè kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn. Ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wọn mọ̀. Àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù ló kọ ẹ̀yà sínú káàdì láàárín ọdún 1930 sí 1939, ìjọba òmìnira kò sì pa á rẹ́. Ẹ̀yà bàbá ni ọmọ ń jẹ. Nígbà tí wọ́n já ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ Habyarimana bọ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin, kò pẹ́ tí ìdènà fi kún ojú ọ̀nà Kigali, olú ìlú, tí wọ́n ń yẹ káàdì wò níbẹ̀, tí wọ́n sì ń pa Tutsi. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Hutu, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Tutsi, Tutsi ni káàdì pè é. Ẹni tí kò ní káàdì lọ́wọ́, wọ́n á ní ó fi ẹ̀yà rẹ̀ pamọ́ ni.

—

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àṣẹ kún un. Umuganda wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àjọṣe ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tó fara jọ ọ̀wẹ̀ tiwa. Àwọn aláṣẹ tó ń pe ará ìlú síbẹ̀ náà ló pè wọ́n láti pànìyàn, "iṣẹ́" ni wọ́n sì ń pè é. Rédíò RTLM, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ti sọ Tutsi di inyenzi, aáyán. Nígbà tó yá, ó ń ka orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi ni Butare, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Rùwáńdà. Jean-Baptiste Habyalimana (kì í ṣe Ààrẹ Habyarimana) ló ń ṣàkóso ibẹ̀, òun nìkan sì ni Tutsi tó wà nípò bẹ́ẹ̀. Kò gbà fún àwọn tó fẹ́ pànìyàn. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, apá ibi tó pọ̀ níbẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n yọ ọ́ nípò. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹrin, ààrẹ adelé Sindikubwabo wá sọ̀rọ̀ ní Butare, ìpakúpa sì gbalẹ̀. Wọ́n pa Habyalimana náà lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ ìbínú ará ìlú ni, kí ló dé tó fi dúró de ààrẹ?

—

Ẹnìkan á bi wá ìdí tí àwọn Tutsi fi sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n kọlù wọ́n ní 1959, ẹni tó sá síbẹ̀ sábà máa ń yè. Ní 1994, àwọn apànìyàn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ntarama, Nyamata, Nyarubuye: inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pa wọ́n. Ní Murambi, àwọn aláṣẹ ló ní kí àwọn Tutsi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n gé omi wọn kí wọ́n tó kọlù wọ́n.

—

Lójú òfin àgbáyé 1948 lórí ìpẹ̀yàrun, iye òkú kọ́ ló ń sọ ọ́ di ìpẹ̀yàrun. Èrò láti run ẹ̀yà, ìran, orílẹ̀-èdè tàbí ẹlẹ́sìn kan ni, ìbáà ṣe apá kan nínú wọn. Lílé ẹ̀yà kúrò nílé wọn yàtọ̀ síyẹn, àmọ́ méjèèjì lè rìn pọ̀. Ní Srebrenica, ní Bosnia, oṣù Keje 1995, wọ́n kó obìnrin àti ọmọ kékeré sínú bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n sì pa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 8,000.

Akayesu, olórí kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) Taba ní Rùwáńdà, ni ilé ẹjọ́ àgbáyé kọ́kọ́ dá lẹ́bi ìpẹ̀yàrun, ní Arusha, Tanzania, 1998. Ìfipábánilòpọ̀ kò sí nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ kà sí i lọ́rùn. Obìnrin kan tó wá jẹ́rìí ló mẹ́nu bà á, Navanethem Pillay, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn adájọ́ mẹ́ta, sì bi í léèrè síwájú. Wọ́n tún ìwé ẹ̀sùn kọ ní 1997. Látìgbà ìdájọ́ 1998 náà ni ilé ẹjọ́ ti ń ka ìfipábánilòpọ̀ mọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa ẹ̀yà run.