Ta ló mọ ìtàn bésíbọ́ọ̀lù tó sọ̀rọ̀ nípa ikú igi ash?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé ìtàn àròsọ. Mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà inú ìwé àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gba agbára. Ibì kan ló há mi.

Roy Hobbs inú ìwé Bernard Malamud (1952) ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àrá la igi kan lẹ́bàá odò, Roy sì gbẹ́ Wonderboy, igi tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, láti inú rẹ̀. (Ọmọ Yorùbá wo ló máa ka ibẹ̀ tí kò ní rántí Ṣàngó?) Mo tún mú ìwé W. P. Kinsella (1982), níbi tí àgbẹ̀ kan ní Iowa ti sọ oko àgbàdo rẹ̀ di pápá bésíbọ́ọ̀lù.

Nínú méjèèjì, ilẹ̀ ló ń fúnni. Ṣùgbọ́n láti 2002 tí wọ́n ti rí kòkòrò aláwọ̀ ewé kan láti Éṣíà ní Michigan, igi ash ń kú lọ súà. Ìdin rẹ̀ ló ń jẹ abẹ́ èèpo igi náà títí omi ò fi ní gòkè mọ́. Igi ash yìí sì ni wọ́n fi ń gbẹ́ igi ìgbábọ́ọ̀lù tipẹ́tipẹ́ kí igi mìíràn tí wọ́n ń pè ní maple tó gbòde.

Mo ti tú àtòjọ ilé-ìkàwé, mo bi olùkọ́ mi, ìròyìn nìkan ni mò ń rí.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ìwé ìtàn àròsọ tàbí ìtàn kúkúrú kankan, tí wọ́n kọ lẹ́yìn 2002, tí ikú igi ash ti kan agbábọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù inú rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n? Kí ni orúkọ rẹ̀, ta ló sì kọ ọ́?