Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì láìṣe ìṣirò onípele gíga: ṣé ó ṣeé ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́Kóòdù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìṣirò gbogbogbòò nìkan ni mo ṣe ní girama. Mi ò ṣe èyí tó ga jù ú lọ: kò sí calculus (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà), kò sí matrix (nọ́ńbà tí a tò bíi tábìlì), kò sí induction (ọ̀nà kan láti fi ẹ̀rí hàn fún gbogbo nọ́ńbà). Mo lè fi Python kọ ètò kéékèèké. Ìṣirò wo gan-an ni wọ́n ń lò lọ́dún kìíní? Kí ló máa ń gbé àwọn tó bá wọlé báyìí ṣubú? Tí mo bá sì ní oṣù mẹ́ta tí mo lè fi múra, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Baba_Lúùpù:
Àbúrò, má tíì ra ìwé kankan. Lọ sí ìkànnì ẹ̀ka tí o fẹ́ wọ̀, kí o wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé. Àwọn yunifásítì kan sọ ọ́ gbangba pé dandan ni ìṣirò onípele gíga, wọn kì í sì í gbọ́ àlàyé. Ọ̀nà tó kù níbẹ̀ ni ọdún ìgbaradì, níbi tí wọ́n bá ti ní in. Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì ìṣirò ọdún kìíní àti ọdún kejì. Tó bá jẹ́ discrete mathematics nìkan lo rí, fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ calculus alápá méjì tí wọ́n jọ ń kọ́ ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ẹnjiníà, a jẹ́ pé olùkọ́ ibẹ̀ ti gbà pé o mọ derivative (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń yára yí padà) kí o tó jókòó. Kò ní dúró dè ọ́.

Discrete yẹn ni olórí ìṣirò wa: logic, set, function, bí a ṣe ń ka iye ọ̀nà tí nǹkan lè gbà ṣẹlẹ̀, graph (àwọn ojúàmì àti ìlà tó so wọ́n pọ̀), àti mod (ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pípín). Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, torí náà ẹni tó gba máàkì rẹpẹtẹ nínú calculus kò fi bẹ́ẹ̀ ṣíwájú rẹ. Ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀ ni pé ìbéèrè kì í sọ pé "ṣírò rẹ̀". Ó máa ń sọ pé "fi hàn pé òótọ́ ni".

Orí gbólóhùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni òdì-kejì "gbogbo fáìlì ló ṣí"? Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé "kò sí fáìlì tó ṣí". Kò rí bẹ́ẹ̀. "Ó kéré tán, fáìlì kan wà tí kò ṣí" ni ìdáhùn. Bákan náà, not (a and b) kì í ṣe (not a) and (not b). (Not a) or (not b) ni. Ẹni tó bá ṣi èyí mú nínú ìwé, á ṣì í kọ sínú if rẹ̀ náà, kò sì ní mọ ibi tó ti ń jò.

Àgbà_Algorithm:
Mo fara mọ́ ohun tí Baba_Lúùpù sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń gbé èèyàn ṣubú ní ti gidi. Kì í ṣe calculus tí wọn ò ṣe. Áljẹ́brà girama tí wọ́n ṣe, tí kò dúró lórí, ni. Ẹni tó ṣì ń ṣiyèméjì lórí ìdá àti àmì ìyọkúrò níwájú àkámọ́ kò ní ráyè gbọ́ ohun tí ẹ̀rí ń sọ.

Log ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Tí ẹ bá ń wá orúkọ kan nínú àkójọ tí wọ́n ti tò lẹ́sẹẹsẹ, tí ẹ sì ń gé e sí méjì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wò ó, àkójọ mílíọ̀nù kan kò ní gbà ju ìgbà 20 lọ, nítorí 2²⁰ jẹ́ 1,048,576. 20 yẹn ni log: iye 2 tí ẹ máa sọ di púpọ̀ kí ẹ tó dé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: log(a + b) kì í ṣe log a + log b, log(a × b) ló rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, àròpọ̀. Lúùpù méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tó ń fi ohun kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á ṣe ìfiwéra n(n−1)/2. Fún ohun 1,000, 499,500 nìyẹn. Ẹ sọ n di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní O(n²), ìyẹn iṣẹ́ tó ń pọ̀ bíi n × n, nìyẹn.

Induction ló gba sùúrù jù. Ìgbésẹ̀ méjì péré ló ní: ẹ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ fún nọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ wá fi hàn pé bó bá jẹ́ òótọ́ fún n, dandan ni kó jẹ́ òótọ́ fún n+1. Àwọn èèyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ kìíní torí pé ó dà bí eré. Ẹ wo irọ́ yìí: 1 + 2 + … + n = n(n+1)/2 + 5. Ẹ fi n+1 kún apá méjèèjì, ẹ óò rí i pé ìgbésẹ̀ kejì kọjá láìkọsẹ̀: apá ọ̀tún di (n+1)(n+2)/2 + 5. Ṣùgbọ́n fún n = 1, apá òsì jẹ́ 1, apá ọ̀tún jẹ́ 6. Àkàbà tó gún régé ni, kò kàn fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ni.

Aláwòrán3D:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi calculus ṣeré tó bẹ́ẹ̀ o. Lóòótọ́, ẹni tó máa ṣe database, network tàbí ìkànnì lè má fojú kàn án mọ́ títí tó fi máa jáde. Ṣùgbọ́n orí derivative ni machine learning (kíkọ́ ẹ̀rọ láti inú àpẹẹrẹ) dúró lé. Ètò náà ń béèrè pé: bí mo bá sún nọ́ńbà yìí díẹ̀, ṣé àṣìṣe mi á lọ sókè ni àbí á wá sílẹ̀? Á wá sún un síbi tí àṣìṣe ti ń dín kù. Kí ẹ mọ̀ pé derivative x² jẹ́ 2x, kí ẹ sì lè lo chain rule (òfin derivative fún function tó wà nínú function mìíràn), ó tó láti fi wọlé. Integral lè dúró.

Ní ti àwòrán, matrix lẹ máa bá pàdé. Tí ẹ bá yí (x, y) ní ìwọ̀n 90, lòdì sí bí aago ṣe ń yí, ó máa di (−y, x): (3, 1) á di (−1, 3). Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ tí y ti ń pọ̀ sí i lọ sísàlẹ̀, ìyípo kan náà máa rí bíi ti aago, ẹ ó wá máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí. Irú ẹ̀ tún wà nínú mod: −7 % 5 jẹ́ 3 nínú Python, ṣùgbọ́n −2 ni C àti Java máa gbé jáde.

Ìṣirò_Ojoojúmọ́:
Ní ti oṣù mẹ́ta, wákàtí kan lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, jẹ́ nǹkan bí wákàtí 60. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ sórí áljẹ́brà: ìdá, ìdọ́gba, log, àmì Σ (àmì àròpọ̀). Ó máa sú yín. Ẹ má gé e kúrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún logic àti set, mẹ́ta fún ẹ̀rí. Méjì tó kù, ẹ lò ó fún probability. Tí kọ́ọ̀sì yín bá ní calculus nìkan ni kí derivative wọ ibẹ̀.

Ẹ máa bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Ẹ lo ogún ìṣẹ́jú lórí ìbéèrè kan kí ẹ tó wò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ tún un ṣe lórí bébà òfìfo. Ẹni tó kàn ń ka ìdáhùn máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé kọ́ọ̀sì 6.042J, ìṣirò fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, sórí OpenCourseWare, ìkànnì ẹ̀kọ́ wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti fídíò àti ìbéèrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ dé orí logic ná.

Python tí ẹ mọ̀ wúlò: ẹ fi dán n = 1 dé 10 wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí, torí ibẹ̀ ni irọ́ sábà máa ń tú. Àmọ́ ìdánwò kì í ṣe ẹ̀rí. n² + n + 41 máa fún yín ní nọ́ńbà prime (tí kò ṣeé pín geerege àyàfi fún 1 àti ara rẹ̀) láti n = 0 títí dé 39, ìgbà ogójì léraléra. Ní n = 40, ó di 1,681, èyí tó jẹ́ 41 × 41.

Akẹ́kọ̀ọ́Kóòdù:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹyọ kan ló kù: tí mo bá ń dá kọ ẹ̀rí, tí kò sí ẹni tó máa máàkì rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe pé mo ń tan ara mi?

Àgbà_Algorithm:
Ẹ fi ìka sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé: kí ló gbà mí láyè láti kọ èyí? Bí kò bá jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, tàbí òfin áljẹ́brà, tàbí ohun tí ẹ ti fi hàn ṣáájú, ihò wà níbẹ̀. Nínú induction, ẹ wá ìlà tí ẹ ti lo àbá pé ó jẹ́ òótọ́ fún n. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ ò tíì ṣe induction. Kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn, kí ẹ wá máa tún apá méjèèjì ṣe títí á fi di 0 = 0. Ọ̀nà yẹn á gbà yín láyè láti sọ pé 1 = 2: ẹ fi 0 sọ apá méjèèjì di púpọ̀, ẹ wo ohun tó kù.