Oògùn Bàbá ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tọ̀sán ń já wa kulẹ̀

Ọmọ Bàbá Tíṣà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kẹta rèé tí dókítà ti sọ pé àìsàn Parkinson ló ń bá bàbá mi jà. Levodopa àti carbidopa tí wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí wọ́n bá lo tàárọ̀, kó tó pé wákàtí kan wọ́n á ti máa de bọ́tìnnì fúnra wọn. Tọ̀sán ni ò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ á ṣì máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n kàn án níṣòó. Màámi ló ń lọ tọ̀sán sínú mọ́ínmọ́ín fún wọn, torí èébì máa ń gbé wọn.

Wọ́n ní dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń mira, ló dín kù nínú ọpọlọ wọn. Kí ló wá dé tí wọn ò kúkú fún wọn ní dopamine gan-an, ká sinmi?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo méjì lọ́sàn-án.

Apòògùn Àdúgbò:
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ o. Dókítà wọn nìkan ló lè fi kún un. Mọ́ínmọ́ín yẹn ni mo fura sí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ ọpọlọ. Níbòmíì lára, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ní àlàfo tóóró tí oògùn lè gbà jò síta. Ní ti ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri náà lẹ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, bí ìlú olódi tó ní oníbodè. Dopamine ò rí ọ̀nà gbà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí Bàbá lára, ọkàn àti ìfúnpá wọn ló máa dà láàmú. Levodopa ní tirẹ̀ jọ àwọn amino acid tí púrọ́tíìnì oúnjẹ máa ń dà nínú ikùn, oníbodè sì ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún irú wọn. Inú ọpọlọ ló ti ń di dopamine.

Àmọ́ ara tó wà lẹ́yìn odi náà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di dopamine. Èyí tó bá yí padà síta ò lè wọlé mọ́, èébì ló ń fà. Carbidopa ló ń dá ìyípadà ìta yẹn dúró. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ ọpọlọ, kì í sì í dí ti inú lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an: àìlèwọlé ni iṣẹ́ rẹ̀!

Ẹ̀wà wá jẹ́ púrọ́tíìnì. Nínú ìfun àti lẹ́nu bodè ọpọlọ, ilẹ̀kùn kan náà ni òun àti oògùn jọ ń dù. Ẹ fún wọn lóògùn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Bí inú bá ń rìn wọ́n, bísíkíìtì díẹ̀ tàbí ẹ̀kọ tí kò ní mílíìkì ti tó. Ẹ má yọ ẹran àti ẹ̀wà kúrò o, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè sún púpọ̀ rẹ̀ sí alẹ́. Bó bá jẹ́ irú hóró tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má lọ̀ ọ́ rárá.

Ọmọ Bàbá Tíṣà:
Háà! Ògì lásán ni wọ́n sì ń mu láàárọ̀! Nọ́ọ̀sì kan fún wọn ní metoclopramide fún èébì náà. Ṣé kò léwu?

Àkọ́bí Màámi:
Ó léwu o! Òun ló sọ ìyá tèmi di igi lórí ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́rin.

Apòògùn Àdúgbò:
Òótọ́ ni. Ó ń wọ ọpọlọ, ó sì ń dí ibi tí dopamine ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ pe dókítà lónìí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Domperidone kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti mọ bí ọkàn Bàbá ṣe rí kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ọmọ Eléwé Ọmọ:
Ẹ̀yin apòògùn, levodopa wà nínú èso wèrèpè. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé.

Apòògùn Àdúgbò:
Ó wà níbẹ̀, n ò jiyàn. Ta ló máa wá wọn iye tó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ kan? Bàbá ti ń lo levodopa tẹ́lẹ̀, ó lè pọ̀ jù fún wọn. Asofẹ́yẹjẹ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn baba wa fi ń wo wèrè, wọn ò ṣìṣe, reserpine inú rẹ̀ ń wọ ọpọlọ lóòótọ́. Àmọ́ ṣe ló ń tú ìṣúra dopamine ibẹ̀ dànù. Ní 1957, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Arvid Carlsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fún ehoro ní reserpine, ehoro ò lè mira mọ́. Wọ́n fún un ní levodopa, ó dìde. Ibẹ̀ ni oògùn Bàbá ti ṣẹ̀ wá.

Ọmọ Bàbá Tíṣà:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Màámi ni. Wọ́n ní asofẹ́yẹjẹ wà nínú àgbo tí Bàbá ń mu kí wọ́n lè sùn. Ó ti lé lóṣù méjì. Mo ní kí wọ́n má fún wọn mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la ni mo máa gbé ìgò náà lọ bá dókítà.