Òwú ń já lórí kẹ̀kẹ́, irun àgùntàn sì dì gbagidi: níbo ni àṣìṣe wà?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ òwú ràn. Iléṣà ni mo wà. N kò fẹ́ fi ṣe òwò, iṣẹ́ ọwọ́ yìí ló kàn wù mí, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ń fi ṣe é. Nǹkan méjì ló rú mi lójú.

Àkọ́kọ́ ni òwú. Òwú oníhóró ni mo rà ní ọjà Atákúmọ̀sà, bí ìdajì kílò. Ìka ni mo fi ń já hóró rẹ̀ kúrò. Káfíńtà ló bá mi gbẹ́ kẹ̀kẹ́, igi tí a ń ta kó máa yí láti fi ran òwú; gíráàmù 45 ni lórí òṣùwọ̀n. Nínú fídíò tí mo wò, wọ́n so kẹ̀kẹ́ rọ̀, wọ́n ta á, ó ń yí, wọ́n sì ń fa okùn jáde gbọọrọ. Tèmi kì í gùn tó ìbú ọwọ́ kó tó já, kẹ̀kẹ́ á sì bọ́ lulẹ̀. Ibi tí kò bá já, kókó ni, tàbí kó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn.

Èkejì ni irun àgùntàn Merino kílò kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó, bí wọ́n ṣe rẹ́ ẹ lára ẹran náà ló ṣe wà, wọn ò fọ̀ ọ́. Ó lọ́ràá, ó sì ń rùn. Mo se omi kó hó, mo da ọṣẹ ìfọṣọ sí i, mo sì fọ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ bí a ṣe ń fọ aṣọ. Ó dì gbagidi, kò ṣe é tú mọ́. Ó ku gíráàmù 750, mi ò sì fẹ́ ba ìyẹn náà jẹ́. Ṣé irun àgùntàn ilé wa níbí ṣe é ràn kí n máa fi kọ́ṣẹ́ ná?

Ìyá Mọ̀ọ̀rè, Ilé-Ifẹ̀

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Irun àgùntàn ni ẹni inú fídíò yẹn ń ràn, kì í ṣe òwú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fa irun òwú kan ṣoṣo yọ kí o wọ̀n ọ́n, agbára káká ni yóò fi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Irun Merino máa ń tó 7 sí 10. Ìlọ́ ló ń so irun mọ́ ara wọn di okùn, irun tó bá sì kúrú, ìlọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ dáadáa kí ó tó lè gbé ẹrù. Ìwọ gbé gíráàmù 45 kọ́ òwú tí ìlọ́ ò tíì wọ̀ lára, àwọn irun náà sì yọ̀ kúrò lára ara wọn.

Wo ojú ibi tó já. Bí ó bá rí ṣọnṣọ bí ìrù ewúrẹ́, tí irun yọ síta lẹ́nu rẹ̀, ìlọ́ kò tó. Bí ó bá já lójijì, tí ojú rẹ̀ rí bí ohun tí a fi abẹ gé, tí okùn náà sì ń ká lọ́wọ́ rẹ, ìlọ́ ti pọ̀ jù. Ohun tí o bá rí níbẹ̀ ni kó sọ fún ọ bóyá kí o tún kẹ̀kẹ́ ta ni, tàbí kí o fà á sí i kó tó wọ kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ òwú kì í rọ̀ sókè, ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Wá igi tí wọ́n fi ń sun sùyà, èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kí o gbẹ́ ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Fi amọ̀ mọ nǹkan róbótó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4, lu ihò sí àárín rẹ̀ gan-an, jẹ́ kó gbẹ níbòji kó má baà sán, kí o wá tì í bọ igi náà, kó jìnnà sí ìdí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 20 tàbí 25 lọ. Bí ihò amọ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn nìkan sì tó láti já òwú. Gbé ìdí rẹ̀ sínú àkúfọ́ igbá tàbí àwo kékeré tó jinnú. Fi efun tàbí eérú tó kúnná pa ìka, kí o wá ta á bí ọmọdé ṣe ń ta òkòtó.

Kókó tí o ń rí, kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ ló ti wá. Bí o ṣe ń já hóró pẹ̀lú ìka, ò ń fa òwú ya jágajàga, èyí tó gùn àti èyí tó ti gé á dàpọ̀. Tẹ́ òwú díẹ̀ sórí pákó tó dán, ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé, kí o fi ọ̀pá irin tó nípọn bí ìka ọwọ́ yí i síwájú. Hóró á ta jáde níwájú ọ̀pá, òwú á kù sẹ́yìn. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù: bí hóró bá fọ́, òróró rẹ̀ á ta sí òwú, èépá rẹ̀ á sì há sínú okùn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò kù gẹ́gẹ́ bí òwú, nítorí náà ìdajì kílò rẹ á fún ọ ní bíi gíráàmù 160. Má rò pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ lọ́jà.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbọ̀n ọ́n. Ọrun kékeré kan tó, tí ọsán rẹ̀ le dáadáa. Ti ọsán bọ àárín òkìtì òwú, kí o máa fi ìka ta á títí òwú á fi wú bí ìfóòfó, tí o ò ní rí ibi tó dì mọ́. Ibí yìí ni kí o ti lo àkókò rẹ. Wákàtí kan tí o bá fi gbọn òwú á gbà ọ́ lọ́wọ́ wákàtí mẹ́ta tí ìwọ ìbá fi máa so èyí tó já. Wé e mọ́ pẹ́ńsùlù, kí o fa pẹ́ńsùlù yọ. Ìdì kọ̀ọ̀kan kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó nípọn bí àtàǹpàkò, kó má sì le.

Wàyí o, ọwọ́ ọ̀tún ń ta kẹ̀kẹ́, ọwọ́ òsì rọra mú ìdì òwú, kí ó máa fà sẹ́yìn. Má fún un pa, ìwọ̀n tí o fi ń mú òròmọdìẹ ni. Fà á dé bí sẹ̀ǹtímítà 40. Ìlọ́ á kọ́kọ́ sáré lọ síbi tó tín-ín-rín, ibi tó nípọn á sì rọ̀ sílẹ̀. Fa ibẹ̀ díẹ̀ sí i, á wá dọ́gba. Kí o tó ká a mọ́ kẹ̀kẹ́, dúró, kí o tún ta á lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kí ìlọ́ lè kún. Èyí ni àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fò. Bí ó bá já, má ta kókó: tú ìlọ́ ẹnu rẹ̀, gbé irun tuntun lé e ní sẹ̀ǹtímítà 3, kí o ta á.

Nígbà ọyẹ́, òwú máa ń gbẹ, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Fi aṣọ tútù bo ìdì tí o kò tíì ràn.

Adárà Ifẹ̀

Ìyá wa ti parí ti òwú. Àbúrò, jẹ́ kí n gba ti irun àgùntàn.

Àgùntàn ilé wa, irun lásán ló ní, bí irun ewúrẹ́, ó kúrú, ó sì gan. Èyí tó gùn lọ́rùn àgbò pàápàá le ju ohun tí ìlọ́ lè dì mú lọ. Má fi kọ́ṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ rẹ tó wọn gíráàmù 45, tọ́jú ẹ̀, Merino yẹn ló yẹ ẹ́, òun la sì lè so rọ̀.

Ìdí tí irun náà fi dì: ara irun àgùntàn kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ wínniwínni bí ara ẹja. Omi gbígbóná àti ọṣẹ máa ń mú kí ìpẹ́ náà ṣí, bí o bá wá fọwọ́ ra á, wọ́n á kọ́ ara wọn. Ohun tó bá ti dì báyẹn kò ní tú mọ́ láé. Gé e, kí o kì í sínú tìmùtìmù.

Èyí tó kù, pín in sọ́nà mẹ́ta, gíráàmù 250 kọ̀ọ̀kan, kí o kó o sínú àpò àlùbọ́sà. Ọ̀rá ara irun kò ní kúrò nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, omi nǹkan bíi 60°C ló ń fẹ́. Bí o kò bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru, da lítà 5 omi tó ń hó mọ́ lítà 5 omi ẹ̀rọ, yóò súnmọ́ 60. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ bàsíà, lẹ́yìn náà ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí ìmùkọ 3, kí o rọra pò ó láìjẹ́ kó yọ ìfóòfó. Ìgbẹ̀yìn ni irun. Tẹ̀ ẹ́ rì, kí o fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Má rà á, má fún un, má da omi lé e lórí láti òkè. Bí ó bá pẹ́ jù tí omi fi tutù, ọ̀rá náà á padà lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa lẹ̀ lọ́wọ́.

Gbé àpò náà sókè kó ro. Tún un ṣe pẹ̀lú ṣíbí ọṣẹ 1, lẹ́yìn náà fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ nínú omi tó gbóná bákan náà. Omi gbígbóná sí omi tútù lójijì á tún mú un dì. Sá a níbòji lórí àwọ̀n. Kílò Merino kan lè dínkù tó ìdajì lẹ́yìn fífọ̀, ọ̀rá, òógùn àti iyẹ̀pẹ̀ ló lọ.

Má lo ọṣẹ dúdú o! Mo mọ̀ pé òun ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí. Eérú inú rẹ̀ ń jẹ irun àgùntàn, ó ń sọ ọ́ di gbígan. Òwú ló fẹ́ràn eérú.

Fún yíya, ra búrọ́ọ̀ṣì onírin méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń ya irun ajá. Fi irun gíráàmù 3 sórí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi èkejì fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí o bá ń tẹ̀ ẹ́, irun á gé, á sì di kókó wínniwínni. Lọ́jọ́ ọyẹ́, irun á máa fò mọ́ ọ lára: wọ́n omi díẹ̀ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Mo wo ojú ibi tó já bí Ìyá ṣe wí, ìrù ewúrẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá wá ràn án tán, ṣé ó ti ṣe é hun nìyẹn? Mo fẹ́ pa á láró.

Aláṣọ Òkè-Ẹ̀ṣà, Iléṣà

Rárá, kò tíì yá. Bí o bá yọ ọ́ lórí kẹ̀kẹ́ báyìí, á ká kókó. Bí o bá fẹ́ kó lágbára, fi fọ́nrán méjì lọ́ra: bí ó bá jẹ́ ọ̀tún lo yí kẹ̀kẹ́ sí nígbà tí ò ń ràn án, òsì ni kí o yí i sí báyìí. Bí o bá yí i sí ibi kan náà, á kàn máa le sí i títí á fi já. Èyí tó lọ́ra dáadáa, bí o bá jẹ́ kó rọ̀ láàárín ọwọ́ méjèèjì, á dúró jẹ́ẹ́, kò ní ká.

Ká òwú náà mọ́ ẹ̀yìn àga, dì í níbi mẹ́rin pẹ̀lú okùn tó rọ̀, kí o sè é fún wákàtí kan nínú omi eérú tí o ti sẹ́ kó mọ́ gaara. Òwú tí a kò tíì sè ní ìda lára tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, aró ò sì ní mú un dáadáa. Lẹ́yìn síse, sọ ọ́ sínú omi tútù: bí ó bá léfòó, kò tíì jinná, bí ó bá rì kíá, ó ti yá fún elú. Irun àgùntàn ní tirẹ̀, má sè é. Rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fún 20 ìṣẹ́jú, yí i mọ́ táwẹ́lì, kí o gbé e kọ́. Bí ó bá ṣì tutù, má so nǹkan tó wúwo mọ́ ọn, torí omi ń fún òwú lágbára ni, ti irun àgùntàn ló máa ń gbà lọ. Aró tiwa náà, eérú ló wà nínú rẹ̀, má jẹ́ kí irun àgùntàn pẹ́ níbẹ̀.

Bí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́, gbìyànjú sányán, bàbá aṣọ. Ìtẹ́ tí àwọn kòkòrò pawọ́ pọ̀ hun ni, kò sì ní okùn kan gbọọrọ tí a lè tú jáde. Omi eérú la fi ń sè é kí oje rẹ̀ lè yọ́, a ó ṣàn án, a ó sá a, lẹ́yìn náà a ó fà á ya, a ó sì ràn án lórí kẹ̀kẹ́ kékeré bíi ti òwú. Bo ọwọ́ àti imú kí o tó ṣí ìtẹ́ náà, irun kòkòrò tó kù sínú rẹ̀ máa ń yún ara burúkú.